Awò orí ìbọn ìléwọ́: òkè là ń wò, a ò wo ìsàlẹ̀

Nílé, tí wọ́n bá ti dárúkọ ọdẹ, ìbọn gígùn ló máa ń wá sí wa lọ́kàn: ṣakabùlà tí wọ́n ki ẹ̀tù sí lẹ́nu, tàbí ìbọn òyìnbó tí wọ́n gbé kọ́ èjìká. Nítorí náà, tí mo bá sọ fún èèyàn pé àwọn ọdẹ kan wà ní Amẹ́ríkà tó jẹ́ pé ìbọn ìléwọ́ ni wọ́n fi ń pa àgbọ̀nrín, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi mí ni pé: "Èyí tí ọlọ́pàá ń fi sí ìbàdí yẹn? Ṣé wọ́n fẹ́ lọ dá ẹran náà lọ́nà ni?"

Kì í ṣe ti ọlọ́pàá. Ìbọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ awò orí rẹ̀ níbí, ìyẹn síkóòpù tó ń sún ohun ọ̀nà jíjìn mọ́ni, tóbi, ó wúwo, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n sì fi ń gbá a mú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ revolver, ìyẹn oríṣi tó ní àgbá kékeré tó ń yí, tí ọta márùn-ún tàbí mẹ́fà wà nínú rẹ̀. Ọdún 1955 ni Smith & Wesson àti Remington, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìbọn àti ọta, gbé ọta .44 Magnum jáde, lẹ́yìn tí Elmer Keith, ọlọ́sìn màlúù ará Idaho tó tún ń kọ̀wé nípa ìbọn, ti ń rọ̀ wọ́n tipẹ́ pé kí wọ́n ṣe ọta tó lágbára bẹ́ẹ̀ fún ìbọn ìléwọ́. Ní 1967, ilé iṣẹ́ Thompson/Center mú ìbọn Contender dé. Ọta kan ṣoṣo ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n èèyàn lè pààrọ̀ ọ̀pá rẹ̀, títí kan ọ̀pá tó ń yin ọta .30-30 tí wọ́n ṣe fún ìbọn gígùn. Nígbà tó fi máa di 2003, Smith & Wesson ti ṣe ọta .500, tí ìbọn rẹ̀ nìkan wúwo tó kílò méjì.

Àwọn kan ń fi í dẹgbó torí pé ó nira, ó sì gba kí ọdẹ súnmọ́ ẹran dáadáa. Àwọn mìíràn, òfin ló tì wọ́n sí i. Ní ìpínlẹ̀ Ohio, títí di 2014, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ráífù oníkatíríìjì (ìbọn gígùn tí ẹ̀tù àti ọta rẹ̀ wà pọ̀ nínú agolo irin kékeré kan) pa àgbọ̀nrín, bẹ́ẹ̀ òfin kan náà gba ìbọn ìléwọ́ láàyè, bí ọ̀pá rẹ̀ kò bá ti dín ní íǹṣì 5. (Kí ẹni tó ń ka èyí nílé má bàa lọ kó sí wàhálà: òfin ìbọn Nàìjíríà ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn ohun ìjà tó jẹ́ èèwọ̀, àyàfi fún ẹni tí Ààrẹ bá fún níwèé àṣẹ. Ní Bírítéènì, òfin 1997 tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìpakúpa ilé ìwé Dunblane ti gba ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ará ìlú. Ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà ni mo ń sọ.)

Ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ wàyí nìyí. Ọdẹ kan ra awò ìbọn, ó dè é mórí ìbọn .44 Magnum rẹ̀. Ó tò ó títí ọta fi ń bà ibi tó fojú sùn. Lẹ́yìn ọta ogún tàbí ọgbọ̀n, ọta bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbi tó wù ú. Ọ̀kan lọ sókè, ọ̀kan bọ́ sápá òsì. Ó ní awò náà ò dáa, pé awò kankan kì í pẹ́ lórí ìbọn ìléwọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní irọ́ ni, pé ogún ọdún rèé tí òun ti ń lo irú awò yẹn gan-an, kò sì yẹ̀ rí. Ta ni ká gbà gbọ́?

Àwọn méjèèjì lè máa sọ òótọ́. Wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́." Ó ní, "Òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀." Awò ni ẹrù. Ohun tó gbé e dúró ló máa ń wọ́ jù lọ, àti ọwọ́ tó di ìbọn mú. Kì í ṣe pé awò kì í bàjẹ́ o. Ó ń bàjẹ́, a ó sì débẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ló yẹ ká fura sí kẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú nǹkan kan kúrò lọ́nà. Awò ráífù yàtọ̀ sí awò ìbọn ìléwọ́. Awò ráífù fẹ́ kí ojú súnmọ́ òun tó nǹkan bí íǹṣì 3 sí 4. Ẹni tó ń yin ìbọn ìléwọ́ na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ojú rẹ̀ sì lè jìnnà sí awò tó íǹṣì 18 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá gbé awò ráífù sórí rẹ̀, kò ní rí ju ìmọ́lẹ̀ kékeré kan láàárín òkùnkùn. Bí ó bá sì fa ìbọn náà súnmọ́ ojú kó lè ríran, awò yóò là á níwájú orí lọ́jọ́ tó bá yìn ín. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń ṣe awò ọ̀tọ̀ fún un, èyí tó ń ríran láti ọ̀ọ́kán. Owó tí wọ́n ń san fún èyí ni pé ojú rẹ̀ há. Awò ráífù tó ń sún nǹkan mọ́ni nígbà mẹ́rin lè fi ilẹ̀ tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 24 hàn ọ́ ní 100 yáàdì. Awò ìbọn ìléwọ́ tó lágbára kan náà, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 9 ni. Àgbọ̀nrín gbẹ́sẹ̀ méjì, ó ti jáde nínú awò. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọdẹ àtijọ́ fi fẹ́ràn èyí tó ń sún nǹkan mọ́ni nígbà méjì péré, èyí tí ojú rẹ̀ ń fẹ̀ tó bí ẹsẹ̀ bàtà 21.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìtàpá, ìyẹn bí ìbọn ṣe ń fò padà sẹ́yìn nígbà tí wọ́n bá yìn ín, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í mọ̀. Wọ́n rò pé ìbọn tó ń tàpá jù ló ń ba awò jẹ́ jù. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀.

Mú .44 Magnum tó wúwo kílò 1.4. Ọta rẹ̀ tó nǹkan bíi gíráàmù 15.5, ó sì ń jáde ní nǹkan bíi mítà 410 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Mú ráífù .30-06 tó wúwo kílò 3.6 tì í. Ọta tirẹ̀ jẹ́ gíráàmù 11.7, eré rẹ̀ sì tó mítà 820. Tí a bá ṣírò agbára ìtàpá ìbọn kọ̀ọ̀kan, tí a sì ka ẹ̀tù tó jó mọ́ ọn, wọn ò jìnnà síra rárá: bíi joule 24 fún revolver, bíi 27 fún ráífù. Ráífù ló tilẹ̀ jù díẹ̀. Eré ni wọ́n fi yàtọ̀. Ráífù ń padà sẹ́yìn bíi mítà 4 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Revolver, nítorí pé ó fúyẹ́, ń padà bíi mítà 6. Ti .500 lè lé ní 7.

Ẹni tó bá ti jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà rí mọ ohun tí mò ń sọ. Bọ́ọ̀sì ńlá lè gbéra kó o má tilẹ̀ mọ̀. Ọlọ́kadà ṣàdédé tẹ iná, o sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kù sílẹ̀ lójú títì, àfi bí ọwọ́ rẹ bá rí nǹkan dì mú. Ọ̀kadà lọ; ìwọ fẹ́ dúró síbi tó o wà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni awò ṣe rí lórí ìbọn. Ìbọn fò sẹ́yìn, awò fẹ́ dúró síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ó wá dà bíi pé ó ń yọ́ lọ síwájú nínú òrùka tó dè é. Ohun kan ṣoṣo tó dì í mú ni síkúrù.

Báwo ni ìfà náà ṣe tó? Gbà pé awò kan wúwo gíráàmù 250. Ó gbọ́dọ̀ ti ìdúró jẹ́ẹ́ bọ́ sínú eré mítà 6 láàárín nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan. Agbára tí ìyẹn fi ń fa síkúrù tó nǹkan bíi newton 1,500. Ká sọ ọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé, ó dà bíi kí o so àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta, oníkílò 50, rọ̀ mọ́ òrùka awò náà, kí o sì já wọn kúrò lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà kó o tún so wọ́n rọ̀, ní gbogbo ìgbà tó o bá yìnbọn. Síkúrù tó ń gba ẹrù yìí, èyí tí wọ́n ń lò jù ní Amẹ́ríkà, ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 3.5 péré.

Ìṣirò yìí ló jẹ́ kí ìmọ̀ràn àwọn àgbà ọdẹ ibẹ̀ yé mi, pé kéèyàn má gbé awò ńlá sórí ìbọn ìléwọ́. Awò kékeré ti ilé iṣẹ́ Leupold tó ń sún nǹkan mọ́ni nígbà méjì wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 170: àpò sìmẹ́ńtì méjì nìyẹn. Awò tó ṣeé yí láti kékeré dé ńlá lè lé ní gíráàmù 300, ó sì di bí àpò mẹ́rin. Ìbọn kan náà ni, ọta kan náà ni, síkúrù kan náà ni. Èèyàn á ra awò olówó gọbọi, á máa yọ̀ pé òun ra èyí tó dára jù, kò mọ̀ pé ẹrù ló fi kún ẹrù.

Ojú kan kọ́ ni ìbọn ìléwọ́ sì ń tàpá sí. Ráífù ní ìdí ìbọn tí wọ́n ń fi ti èjìká, ẹ̀yìn ló ń bọ̀ tààrà. Ìbọn ìléwọ́ ń padà sẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ sì ń fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, awò tó wà lórí rẹ̀ wá ń gba ẹ̀yìn àti òkè pọ̀. (Ẹni tó bá rò pé ìtàpá kékeré kì í ba nǹkan jẹ́, kó bi àwọn tó ń lo ìbọn afẹ́fẹ́ onísípíríǹgì. Ìtàpá rẹ̀ ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó ń lọ sẹ́yìn, ó tún ń gbá síwájú, ó sì ti pa awò ráífù tó ti jẹ .30-06 mọ́ra.)

Ibo ló wá ń tú? Ìsàlẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n ń dè mórí ìbọn, tí òrùka awò ń jókòó lé. Tí òróró bá wà nínú ihò síkúrù nígbà tí wọ́n dè é, yóò tú láìpẹ́. Ìbọn tuntun sì kún fún òróró láti ilé iṣẹ́. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á kọ́kọ́ fi nǹkan nu òróró náà kúrò pátá, á kán gọ́ọ̀mù síkúrù aláwọ̀ búlúù sí i, èyí tó ṣeé tú padà bó bá yá. Aláwọ̀ pupa wà, ṣùgbọ́n iná ni wọ́n fi ń tú ìyẹn, mi ò sì rò pé ẹnikẹ́ni fẹ́ fi iná yan ìbọn rẹ̀ nítorí síkúrù.

Èyí tó máa ń tan èèyàn jẹ jù ni síkúrù tó gùn jù. Ó wọlé, ó kan irin ọ̀pá ìbọn nísàlẹ̀ ihò, ó sì dúró. Ọwọ́ sọ pé ó ti le. Kò le, ìsàlẹ̀ ihò ló fún, kò fún irin pẹlẹbẹ náà mọ́ ìbọn rárá. Ọta mẹ́wàá, gbogbo rẹ̀ ti ń mì. Òdìkejì rẹ̀ náà wà: ẹni tó fi gbogbo agbára de òrùka títí ó fi tẹ ara awò wọlé. Ohun tó ń yí nínú awò náà á há, á sì kọ̀ láti sún nígbà tí wọ́n bá ń tò ó. Wọ́n á ní awò ti bàjẹ́. Lóòótọ́, ó ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n ta ló bà á jẹ́?

Àwọn tó ń ṣe ìbọn mọ ìṣòro yìí. Nígbà tí Ruger gbé Super Redhawk jáde ní 1987, ara ìbọn náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ ojú ibi tí òrùka yóò jókòó sí, tí òrùka sì há sínú rẹ̀. Irin ló ń bá irin wọ̀yá ìjà, síkúrù kàn ń di òrùka mọ́lẹ̀ ni. Fún Contender, J. D. Jones, tó dá SSK Industries sílẹ̀, ṣe irin ìjókòó kan tó ń pè ní T'SOB, tó ń gba òrùka mẹ́ta, ó kéré tán, dípò méjì tí gbogbo ayé ń lò. Òrùka kan tó lé yẹn máa ń jẹ́ kí ìfà náà pín káàkiri. Lójú tèmi, owó tí èèyàn bá ná sórí irú irin bẹ́ẹ̀ wúlò ju èyí tó fi ra awò tó pọ̀ ní nọ́ńbà lọ.

Inú awò ńkọ́? Ọ̀pá kékeré kan wà nínú ọ̀pá ńlá tí à ń rí lóde. Sípíríǹgì ló ń tì í mọ́ àwọn bọ́tìnnì méjì tí à ń yí láti tò ó, ọ̀kan fún òkè àti ìsàlẹ̀, èkejì fún ọ̀tún àti òsì. Tí sípíríǹgì náà bá ti rẹ̀, o lè yí bọ́tìnnì kí nǹkan kan má ṣẹlẹ̀. O yìnbọn lẹ́ẹ̀kan, ìtàpá gbọ̀n ọ́n, ó wá ṣẹ̀ṣẹ̀ sún síbi tó o rán an. Ìwọ, o ti tún un yí nítorí o rò pé kò gbọ́, ó wá ré kọjá. Báyìí lèèyàn ṣe ń lé ọta kiri lórí páálí tó ń fojú sùn títí àpótí ọta fi tán. Àmì àgbélébùú tí à ń fi sùn náà lè já bó bá jẹ́ wáyà, tàbí kó yí díẹ̀ kó dàgẹ̀rẹ̀. Gọ́ọ̀mù tó di gíláàsì mú lè ṣí. Rọ́bà tí kì í jẹ́ kí omi wọlé lè jò, kí kùrukùru bo gíláàsì láti inú, níbi tí aṣọ ìnujú ò lè dé.

Àwọn tó ń ṣe é mọ gbogbo èyí. Leupold ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n sọ ní Punisher, tó máa ń gbá awò ní ìgbà 5,000 pẹ̀lú agbára tó ju ìtàpá ráífù lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé awò nìkan ni ẹ̀rọ náà ń dán wò. Síkúrù tí ìwọ fúnra rẹ dè nínú gáréèjì rẹ ò sí níbẹ̀.

Ó ku ọwọ́. Èyí ló máa ń dun àwọn èèyàn jù láti gbọ́. Kí ọta tó kúrò lẹ́nu ìbọn ìléwọ́, ìbọn náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè. Nítorí náà bí o ṣe dì í mú, bóyá o fún un pinpin tàbí o rọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ń yí ibi tí ọta ń bà padà. Tí o bá tò ó nígbà tó o gbé ọ̀pá rẹ̀ lé pákó líle, tó o wá dé igbó tó o fi ọwọ́ lásán yìn ín, ọta ò ní lọ síbì kan náà, awò ò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Awò tún ń fi ìgbọ̀nrìrì ọwọ́ hàn. Láìsí awò, o ò mọ̀ pé ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n; ìgbà tó bá sún un mọ́ ọ nígbà mẹ́rin lo máa rí i pé àmì àgbélébùú ń jó bàtá lórí páálí.

Báwo la ṣe ń mọ èyí tó jẹ̀bi? Mú lẹ́ẹ̀dì, kó o fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sára awò níbi tí etí òrùka kọ̀ọ̀kan parí sí. Kán ọ̀dà díẹ̀ sórí síkúrù kọ̀ọ̀kan kó o jẹ́ kó kan irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Yìnbọn lórí àpò iyanrìn, kì í ṣe lórí pákó, ọta mẹ́wàá. Tí ìlà lẹ́ẹ̀dì bá ti jìnnà sí etí òrùka, awò ń yọ́. Tí ọ̀dà bá là, síkúrù ń tú. Bí kò bá sí èyí tó yẹ̀, fún ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n yìn. Tí tirẹ̀ bá dúró síbì kan, má bínú, ọwọ́ rẹ ni. Tí tirẹ̀ náà bá fọ́n káàkiri, yọ awò kúrò, kó o fi ojú irin tó bá ìbọn náà wá yìn ín. Tó bá ṣì ń fọ́n, ìbọn tàbí ọta ló ni ẹjọ́. Tó bá dúró dáadáa láìsí awò, nígbà yẹn lo tó lè gbé awò mìíràn tó o mọ̀ pé ó dára síbẹ̀, kó lè dá ọ lójú kó o tó dá tàkọ́kọ́ padà fẹ́ni tó ṣe é.

Ní báyìí, ọ̀pọ̀ ọdẹ ti fi awò sílẹ̀ fún ojú oníná pupa, ìyẹn gíláàsì tó ń fi àmì iná pupa kékeré hàn níbi tí wọ́n fojú sùn, èyí tí ilé iṣẹ́ Aimpoint ti Sweden kọ́kọ́ gbé jáde ní 1975. Kì í sún nǹkan mọ́ni, kò sì bìkítà bóyá ojú rẹ jìnnà tàbí ó súnmọ́. Àwọn tó kéré nínú wọn ò ju nǹkan bíi gíráàmù 100 lọ: àpò sìmẹ́ńtì kan ó lé díẹ̀. Aimpoint ní bátìrì Micro, oríṣi kékeré tòun, lè tó wákàtí 50,000. Fún ẹran tí kò kọjá 50 yáàdì, mo rò pé òun ló bọ́gbọ́n mu jù. Tó bá kọjá 100, iná pupa náà lè bo ibi tó o fẹ́ bà, awò á sì tún padà níyì.

Fún ẹni tó bá fẹ́ ra awò àlòkù, kó wo ara rẹ̀ níbi tí òrùka ti jókòó. Àmì òrùka tó rí roboto lójú kan kì í ṣe nǹkan. Ṣùgbọ́n bó bá rí ibi tó ha lọ gbọọrọ láti ẹ̀yìn síwájú, bí ẹni fi èékánná wọ́ ọ, awò yẹn ti yọ́ nínú òrùka rí lórí ìbọn ẹlòmíràn. Ó lè jẹ́ pé kò sóhun tó ṣe inú rẹ̀, kí ẹni tó ń tà á sì máa tà á ní ìlàjì owó torí pé ó rò pé ó ti kú.